Bàbá Ò Tíì Ní Kí Ẹ Dìde

Ìga, ààfin Olóyè Ọlátúndé, kò gbẹsẹ̀ lánàá. Ẹjọ́ kan ló dé, ẹjọ́ tí mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Èrò Olówógbowó pọ̀ débi pé wọ́n gba àga mọ́ mi lábẹ́, ìdúró ni mo fi kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ẹni tó jókòó lórí àga mi, mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Olùpẹjọ́ ni Màmá Theodora, opó olóògbé Christian ti Olówógbowó. Olùjẹ́jọ́ ni Dáfídì, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí Tinúbú. Bàbá Jóṣúà, ará Ìjẹ̀ṣà tó ń ta páànù, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn ìdí mú. Fúnṣọ́ ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ Tèmilọlá, ọmọ Màmá Theodora. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú Tèmilọlá ti wú, ẹ ó mọ̀ pé kò sùn.

Olóyè ju abẹ̀bẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, kí ni Dáfídì ṣe fún yín?"

"Olóyè, ó ti ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́."

"Ṣé ó fẹ́ gbé ìyàwó sá lọ ni?"

"Rárá o. Kọ̀ǹpútà ló fi bà á jẹ́."

Bàbá Àlímọ̀t, àgbà ìgbìmọ̀, na ọrùn jáde. "Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní gbogbo ẹ̀ máa kú lọ́jọ́ tí ọdún 2000 bá wọlé?"

"Òun náà ni, Bàbá. Ti Dáfídì ò tiẹ̀ dúró de ọdún náà kó tó ṣọṣẹ́."

"Ẹ rò ó fún wa, kó yé wa," ni Olóyè wí.

"Olóyè, ẹ mọ àṣà wa. Bí àwọn ará ilé ọkọ bá wá tọrọ ọmọ, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Bàbá ìyàwó ló máa ní kí wọ́n dìde. Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gbé àyà kúrò nílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Christian mọ̀ pé òun ò ní pẹ́ mọ́ láyé." Àṣà àwọn ará Olówógbowó nìyẹn, orúkọ ni Màmá ń pe ọkọ ẹ̀. "Orí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ló wà tó ní kò sí ẹlòmíràn tó máa gbé àna òun dìde, àfi òun fúnra òun. Ó ní kí Joaquim àbúrò òun gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wá, ó sì sọ̀rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ti àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Nínú ìkejì, ó ní kí wọ́n dìde. Èmi gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn fún Dáfídì, mo ní kó fi ṣe ìwé sórí kọ̀ǹpútà: àwòrán ọkọ mi, ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀, àti ohùn méjèèjì nísàlẹ̀ àwòrán náà. Sátidé tó kọjá, a gbé kọ̀ǹpútà sí pálọ̀. Ohùn kìíní sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́fà dọ̀bálẹ̀, ọkọ ìyàwó, bàbá ẹ̀, àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin. Ohùn kejì ò dé títí iná fi lọ."

"Iná lọ, kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ni wọ́n bá dìde, Olóyè!" Màmá là á mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé wọ́n jalè. "Ta ló ní kí wọ́n dìde? Bàbá ò tíì ní kí wọ́n dìde! Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, a ò tíì fún wọn lọ́mọ."

Bàbá Jóṣúà fò dìde, ẹ̀yìn ta á, ó tún jókòó.

"Ẹ gbọ́ bí àna mi ṣe ń sọ̀rọ̀! Olóyè, wákàtí méjì ni mo fi dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì! Èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún! Ikùn mi yìí, ṣé ikùn tí wọ́n ń fi dọ̀bálẹ̀ nìyí?"

Gbogbo wa wo ikùn náà. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe irú ẹ̀.

"Mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Bí wọ́n bá fẹ́ fún Fúnṣọ́ lọ́mọ, kí wọ́n fún un. Bí wọn ò bá fẹ́, à ń lọ sílé wa nìyẹn."

"Ẹ máa lọ o. Ọmọ mi ò ní bá yín lọ."

Tèmilọlá bú sẹ́kún. Fúnṣọ́ dìde pé kó lọ bá a. Bàbá ẹ̀ ní, "Jókòó!" Ó jókòó. Ọmọkùnrin yẹn ti gbọ́ jókòó àti dìde tó fún ọdún yìí.

Olóyè kọjú sí Dáfídì. Táì ló wọ̀ wá, ó fi bírò mẹ́ta sí àpò àyà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè wá gbẹ̀bùn.

"Dáfídì, o jẹ̀bi tàbí o ò jẹ̀bi?"

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Olóyè. Mi ò jẹ̀bi rárá."

"Ohùn kìíní, báwo lo ṣe tò ó?"

"Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Bí ojú ìwé yẹn bá ti ṣí báyìí, kó máa sọ̀rọ̀, kéèyàn má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Bàbá Jóṣúà gbà á lẹ́nu ẹ̀. "Ó sọ̀rọ̀ kẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ pa wá! 'Ẹ dọ̀bálẹ̀! Ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa! Kí àyà kanlẹ̀!' Bó bá sọ ọ́ tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ní kí n gbórí díẹ̀ kí n mí, ó di 'Ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa!' Àṣé òkú yìí ń wò wá ni, ohun tí mo sọ lọ́kàn mi nìyẹn!"

Ìga rẹ́rìn-ín. Olóyè náà fi abẹ̀bẹ̀ bojú, ṣùgbọ́n èjìká ẹ̀ ń mì.

"Dáfídì, kí ló dé tó fi ń tún ọ̀rọ̀ sọ?"

"Èmi ni mo ní kó máa tún un sọ, Olóyè. Ibì kan wà tí kọ̀ǹpútà ti ń bi èèyàn léèrè: ṣé kí ohùn yìí sọ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́, àbí kó máa sọ ọ́ lọ títí wọ́n á fi dá a dúró? Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ilé Bàbá Christian. Bàbá kì í sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ní kí n gbálẹ̀, wọ́n á máa sọ ọ́ títí n ó fi mú ìgbálẹ̀. Bí mo bá ń gbá a lọ, wọ́n á ṣì máa sọ ọ́. Mo fẹ́ kó jọ wọ́n ni."

"Ohùn kejì ńkọ́?"

"Ìyẹn, mo ní kó dúró kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tó dún. Bàbá kì í tètè ní kéèyàn dìde, Olóyè. Lọ́jọ́ tí mo wá bẹ̀ wọ́n nítorí gíláàsì fèrèsé tí mo fọ́, láti ìdájí ni mo ti wà lórí eékún, oòrùn dé àtàrí bá mi níbẹ̀. Ìyẹn náà, mo fẹ́ kó jọ wọ́n."

Bàbá Àlímọ̀t ní, "Ìyẹn ni pé o ń fi kọ̀ǹpútà gbẹ̀san lára òkú."

"Áà, Bàbá! Iṣẹ́ ọnà ni o."

"Ẹ gbọ́ o, iṣẹ́ ọnà!" ni Màmá Theodora ké.

Olóyè ní kí ẹlẹ́rìí kìíní bọ́ síwájú. Joaquim ni, àbúrò olóògbé, àgbà tó máa ń dé fìlà òyìnbó nínú oòrùn. Ó ṣí fìlà fún Olóyè, ó sì búra.

"Joaquim, ó tó àkókò wo tí àwọn àna fi wà nílẹ̀?"

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, Olóyè. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún!" Ohùn Bàbá Jóṣúà fẹ́rẹ̀ẹ́ há. "Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí!"

"Mo wà níbẹ̀. Mo kàn di ojú díẹ̀, nígbà tí mo máa fi lajú, wọ́n ti dìde."

"Ẹ di ojú?" ni Olóyè wí. "Ṣé ẹ sùn ni?"

"Mo ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ náà."

"Irú àdúrà wo ló ń hanrun?" ni Bàbá Jóṣúà bi í. "Mo ń gbọ́ ọ láti ilẹ̀ tí mo wà."

Olóyè ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. "Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń dá ohùn yẹn dúró?"

"Dáfídì nìkan ni, Olóyè."

"Níbo ló wà nígbà yẹn?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín."

Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ Dáfídì. Ó fọwọ́ tún táì ṣe. "Wọ́n ní kí n jẹun ni, Olóyè."

"Kí àwọn àna tó dìde?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì wà nílẹ̀."

"Gbogbo ariwo 'Ẹ dọ̀bálẹ̀' yẹn, o ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, Olóyè. Mo ń gbádùn bó ṣe ń dún ketekete ni. Sípíkà tuntun ni mo gbé lọ fún wọn."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí i. Bí mi ò bá kọ ọ́, ta ló máa gbà mí gbọ́?

Ẹlẹ́rìí kejì ni Memunat aránṣọ, tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí fèrèsé pálọ̀ Màmá Theodora gan-an. Àwa ará àdúgbò mọ̀ pé ohun tí Memunat ò bá rí, kò ṣẹlẹ̀.

"Olóyè, kì í ṣe wákàtí méjì, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀ ni mo gbé ìrẹsì kaná. Ìrẹsì jinná, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo bù ú, mo jẹ ẹ́, mo fọ abọ́. Wọ́n ṣì wà nílẹ̀."

"Ìrẹsì Ọ̀fàdà àbí ti òyìnbó?" ni Bàbá Àlímọ̀t bi í. "Wọn ò ní àkókò kan náà o."

"Ti òyìnbó ni, Bàbá."

"Akọ̀wé, kọ ogójì ìṣẹ́jú sílẹ̀."

Mo kọ ọ́. Memunat ò lọ jókòó.

"Olóyè, nǹkan kan wà tó ń rú mi lójú. Nǹkan kékeré yẹn tó ní wáyà, tí wọ́n máa ń fọwọ́ tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó ṣe nǹkan..."

"Máòsì," ni Dáfídì wí, ohùn ẹ̀ sì ti relẹ̀.

"Òun ni. Kò sí lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ Màmá Theodora ló wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, lábẹ́ ìborùn, lórí itan wọn. Mo rí wáyà ẹ̀."

Gbogbo ìga yíjú sí Màmá Theodora. Ilẹ̀ ló ń wò.

Dáfídì tọwọ́ bọ àpò, ó yọ bébà kan tó ti ká jáde. "Olóyè, mi ò fẹ́ mú èyí jáde. Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì ti fún mi lóúnjẹ lọ́pọ̀ ìgbà."

Olóyè na bébà sí mi pé kí n kà á. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́ tónítóní, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ni nílé ìwé àwọn obìnrin àtijọ́. Mo kà á sókè: *Ohùn kìíní, kó bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Ohùn kejì, kó dúró dè mí. Èmi fúnra mi ni n ó tẹ̀ ẹ́. Theodora.*

"Ọwọ́ yín rèé, Màmá?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́, tí kò dún ni?"

Màmá ń ká etí ìborùn mọ́ ìka.

"Màmá, ẹ dákun. Ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́, Olóyè."

Àfi bí ìgbà tí wọ́n da omi sínú epo gbígbóná. Bàbá Jóṣúà ti gbàgbé ẹ̀yìn ríro, ó ti wà lórí ìdúró. "Ẹ ò tẹ̀ ẹ́! Ogójì ìṣẹ́jú! Máòsì wà lọ́wọ́ yín, èmi ń fi imú gbá sìmẹ́ńtì yín! Kí lẹ ń dúró dè, Màmá? Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, Bàbá Fúnṣọ́." Màmá Theodora gbójú sókè, omi ti kún un. "Mi ò tíì gbọ́ ohùn kejì yẹn rí ni. Lọ́jọ́ tí Christian sọ ọ́, ilé ìdáná ni mo wà, mò ń po ọ̀gì fún un. Joaquim gbà á sílẹ̀ tán, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì pamọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ mi kú. Nínú gbogbo ohun tó sọ láyé, ìyẹn nìkan ló kù tí mi ò tíì gbọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ wá, mo gbọ́wọ́ lé e, mo ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi ní, Theodora, bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó tán nìyẹn, kò ní sí ọ̀rọ̀ míì tó máa bá ọ sọ mọ́. Ohùn kìíní sì ń dún lọ, ó ń jágbe mọ́ èèyàn bó ṣe máa ń ṣe, ó wá dà bíi pé ó wà nílé. Mo gbàgbé pé èèyàn kankan wà nílẹ̀. Ẹ forí jì mí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ pe Dáfídì lẹ́jọ́?" ni Olóyè bi í, ohùn ẹ̀ rọ̀.

"Ojú ló tì mí, Olóyè. Òun ló sì wà nítòsí jù láti bínú sí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Jóṣúà rọra jókòó. Memunat ń fi gèlè nujú. Bí ẹ bá rí ibi tí íǹkì ti dà nínú ìwé ìga, omi ojú mi ni, ẹ má bi mí.

Olóyè àti àwọn ìgbìmọ̀ forí korí. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, Dáfídì ni Olóyè kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

"Ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó tán ni?"

"Ó tán báwo, Olóyè? Ibẹ̀ ló wà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ló máa dún."

"Bó di ọdún tó ń bọ̀?"

"Ó máa dún."

"Bí ọdún 2000 bá wá pa kọ̀ǹpútà ńkọ́?" Bàbá Àlímọ̀t ni.

"Màá dà á kọ sórí àwo sídì, Bàbá. Mélòó ni wọ́n fẹ́?"

Olóyè wo Màmá Theodora. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Olóyè." Ẹnu yà á. "Mo rò pé bíi ti èèyàn ni, tó bá ti sọ tán, ó ti sọ tán."

"Dáfídì, kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Wọn ò bi mí."

"Ẹ̀bi rẹ nìyẹn," ni Olóyè wí, ó sì dìde. A mọ̀ pé ìdájọ́ ti dé. "O jókòó pẹ̀lú opó, o dáhùn gbogbo ìbéèrè kọ̀ǹpútà, o ò bi obìnrin yìí ní ẹyọ kan. Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Bàbá Jóṣúà ò ní dọ̀bálẹ̀ mọ́, ikùn wọn ti gbìyànjú. Fúnṣọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ti ṣe tiwọn. Dáfídì ni yóò dọ̀bálẹ̀ níhìn-ín dípò àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí Bàbá Christian bá ti gbé e dìde, àna ti dìde, ọmọ ti di tiwọn, ó di ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Máòsì ń bẹ lọ́wọ́ Màmá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kán wọn lójú. Dáfídì ò sì gbọdọ̀ gbé àyà kúrò nílẹ̀ títí Màmá yóò fi gbọ́ ohùn yẹn tẹ́ wọn lọ́rùn."

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀wù mi funfun ni..."

"Ìdájọ́ tó dáa nìyẹn!" ni Bàbá Jóṣúà pariwo.

Kọ̀ǹpútà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, iná sì wà, ẹ bá wa dúpẹ́. Dáfídì kọ́kọ́ yọ àtúnsọ kúrò lára ohùn kìíní. Ó ṣí ojú ìwé náà. Àwòrán àgbà ọkùnrin kan yọ, ojú ẹ̀ le koko. "Ẹ dọ̀bálẹ̀! Ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa! Kí àyà kanlẹ̀!" Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Dáfídì na gbalaja, táì ẹ̀ wọ abẹ́ ikùn.

A dúró. Ọwọ́ Màmá wà lórí máòsì. Dáfídì wú ikọ́ díẹ̀, Olóyè wò ó, ó gbé ikọ́ yẹn mì. Tèmilọlá dìde, ó lọ kúnlẹ̀ ti ìyá ẹ̀, ó gbé ọwọ́ tiẹ̀ lé ọwọ́ ìyá ẹ̀. Màmá tẹ̀ ẹ́.

Ohùn yẹn ò le bíi ti àkọ́kọ́. Àárẹ̀ wà nínú ẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó tó. Mo fún yín lọ́mọ, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Ó wúkọ́, ó sinmi díẹ̀. A rò pé ó ti parí. "Joaquim, má tíì pa á. Theodora! Theodora, fi ọ̀gì yẹn sílẹ̀. Wá jókòó tì mí."

"Àmín!" ni Bàbá Jóṣúà wí, kò tiẹ̀ sí àdúrà níbẹ̀. Ó ti ṣí fìlà. Fúnṣọ́ ti dé ọ̀dọ̀ Tèmilọlá, bàbá ẹ̀ ò sì ní kó jókòó.

Màmá Theodora ò sọkún. Ó fa àga kan sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó jókòó tì í dáadáa, ó tún ìborùn ṣe.

"Olóyè," ni Dáfídì wí láti ilẹ̀, "wọ́n ti ní kí n dìde."

Màmá tún un tẹ̀.

"Wọn ò tíì gbọ́ ọ tẹ́rùn," ni Olóyè wí.

Aago mẹ́rin ni mo ká ìwé mi, tí mo gba ilé lọ. Ó ti di ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún tí mo kà tí Màmá tẹ̀ ẹ́, Dáfídì ṣì wà nílẹ̀.